Ìbòrí láǹpù aláwọ̀ ti Tiffany: báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó, ta ló sì ń tò ó?

#1 FèrèséAláwọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ fèrèsé aláwọ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì yé ọ̀pọ̀ nínú wa: ọ̀pá òjé ní kòtò lọ́tùn-ún lósì, gíláàsì á wọ inú kòtò yẹn, wọn á jó oríkèé rẹ̀ pọ̀, wọn á wá fi ẹfun tí wọ́n fi òróró linseed pò dí àlàfo. Ìbòrí láǹpù tí Tiffany Studios ń ṣe ní New York ní nǹkan bí 1900 kò jọ ìyẹn rárá. Ó rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, gíláàsì mìíràn nínú rẹ̀ kò sì tó èékánná ìka kékeré. Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó tí kò fi já? Kí ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, kí ló tẹ̀ lé e? Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni kí ẹ bá mi tẹnu mọ́ jù.

#2 Àràbà_Gíláàsì

Ẹ kú ìbéèrè. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé wa ni pé kì í ṣe ọ̀pá òjé ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pá òjé fẹ̀ jù. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ ṣì tó mílímítà 3 tàbí 4 lójú. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ yí gíláàsì tí kò ju ẹyọ àgbàdo méjì lọ ká, òjé nìkan ni ẹ ó máa rí. Ọ̀pá òjé tún fẹ́ràn ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó tún tẹ̀ sísàlẹ̀ máa ń fún un ní wàhálà.

Ọ̀já bàbà ni wọ́n lò dípò rẹ̀. Wọ́n á gé bàbà tí wọ́n ti lù tínrín ní ọ̀já gígùn, wọ́n á fi ìda oyin pa inú rẹ̀ kó lè lẹ̀, wọ́n á wá fi yí etí gíláàsì kọ̀ọ̀kan ká bí ìgbà tí wọ́n gbá ìgbátí aṣọ. Ọ̀já tó wọ́pọ̀ lóde òní nípọn tó mílímítà 0.025, ìyẹn ni pé bébà ìkọ̀wé nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí gíláàsì bá nípọn ní mílímítà 3, ọ̀já tó fẹ̀ ní 5.5 ni ẹ ó lò. Ẹ yọ 3 kúrò nínú 5.5, ó ku 2.5, 1.25 á wá ṣẹ́ bo ojú gíláàsì ní iwájú, 1.25 ní ẹ̀yìn.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kò le. Òjé tí wọ́n fi ń jó nǹkan pọ̀ kò lè dì mọ́ gíláàsì, ṣùgbọ́n ó ń dì mọ́ bàbà. Tí ẹ bá ti fi bàbà yí gíláàsì ká, tí ẹ tò wọ́n sún mọ́ra, tí ẹ wá da òjé yíyọ́ sáàárín wọn níwájú àti lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀n irin kan ṣoṣo. Àwọ̀n yẹn ló di gbogbo gíláàsì mú. Òjé tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn pàdé láàárín gíláàsì méjì, wọ́n dà bí ìṣó tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ lápá méjèèjì. Ìdí nìyí tí ìbòrí tó ní ẹgbẹ̀rún gíláàsì fi lè dúró láìsí ọ̀pá kankan nínú rẹ̀.

#3 Iyùn_Ọ̀ṣọ́

Àràbà ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí àwòrán.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀dà olómi ya iṣẹ́ náà sórí bébà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sórí mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi pílásítà ṣe, tí ìrísí rẹ̀ bá ti ìbòrí mu, kí wọ́n lè rí bí òdòdó tí wọ́n yà ṣe máa yí ká. Àwòrán tó dára lórí bébà lè bàjẹ́ pátápátá bó bá dé ibi tí mọ́ọ̀dù ti ń ṣẹ́ wọlé. Bí ó bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn, mọ́ọ̀dù igi ni wọ́n á gbẹ́, tí gbogbo ìlà á hàn lára rẹ̀. Gbogbo ẹyọ gíláàsì ló ní pátánì tirẹ̀ tí wọ́n fi idẹ gé, torí pé wọ́n fẹ́ ṣe ìbòrí kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Pátánì bébà á ti jẹ níbi tí ọ̀bẹ gíláàsì ń gbà, ṣùgbọ́n idẹ kì í yẹsẹ̀.

FèrèséAláwọ̀, ibí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wọlé. Pátánì gbọ́dọ̀ kéré ju àyè rẹ̀ lọ díẹ̀, kí nǹkan bí mílímítà 0.8 lè wà láàárín gíláàsì kan àti èkejì fún ọ̀já àti òjé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé gíláàsì 24 ló yí ìlà kan ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi ìdajì mílímítà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ẹ bá fi máa yípo dé ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti fi mílímítà 12 ju àyè lọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi òjé tọ́ ọ. Ẹ ó gé gíláàsì lábẹ́ ìbínú ni, òdòdó kan á wá rọ ju àwọn yòókù lọ.

Ohun kejì: gíláàsì inú ìbòrí wọ̀nyí kò tẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, oríkèé àárín wọn ló ń tẹ̀. Torí náà, níbi tí mọ́ọ̀dù ti ṣẹ́ gan-an, ìyẹn ní èjìká rẹ̀, ẹyọ gbọ́dọ̀ kéré. Ẹ gbé ẹyọ ńlá síbẹ̀, àárín rẹ̀ á fara kan mọ́ọ̀dù, etí rẹ̀ á gbé sókè, á máa mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba. Òjé tí ẹ bá dà sí etí tó gbé sókè yẹn á nípọn jù lápá kan, á fẹ́lẹ́ lápá kejì. (Láǹpù tí gíláàsì rẹ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀ wà o. Iléeṣẹ́ Handel ní Meriden, Connecticut, wà lára àwọn tó ṣe irú ẹ̀. Wọ́n máa ń gbé gíláàsì sínú ààrò kó rọ̀ sórí mọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.)

#4 Àtùpà_Alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ó hàn sí mi pé wọn ò kun àwọ̀ sára gíláàsì wọ̀nyí. Báwo ni ewé kan ṣe wá ń ti àwọ̀ ewé tútù bọ́ sí ti ìyeyè láìsí ìlà láàárín?

#5 Àràbà_Gíláàsì

Inú gíláàsì ni àwọ̀ wà látinú ààrò. John La Farge, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń lo gíláàsì oníwàrà nínú fèrèsé ní 1880, Louis Comfort Tiffany, ẹni tó ni Tiffany Studios, náà gba tirẹ̀ ní 1881. Oníwàrà ni mò ń pè é torí pé kò mọ́ gaara. Ó ní nǹkan funfun nínú bíi wàrà tí wọ́n dà sómi, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù á sì tú ká nínú rẹ̀ dípò kó gún wa lójú. Ní 1893 ni ààrò Tiffany bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Corona, ní Queens. Wọ́n tún ń rà á níta: iléeṣẹ́ tó wà ní Kokomo, ní Indiana, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1888, wà lára àwọn tó ń tà fún wọn, ó sì ń yí gíláàsì títí di òní.

Oríṣiríṣi ni. Nígbà tí wọ́n bá ń da àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lórí tábìlì irin, tí wọ́n fi ọ̀pá irin yí i mọ́lẹ̀, wọ́n á fà bí ìgbà tí epo pupa ń fà nínú ẹ̀kọ funfun. Òmíràn ni wọ́n ń fọ́n èérún gíláàsì tínrín sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó yí i, kó lè dà bí ewé tó wà lókèèrè. Èyí tó dà bí ìṣẹ́po aṣọ, wọ́n á fún un jọ nígbà tó ṣì rọ̀. Èyí tó ní àbàwọ́n rìbìtì-rìbìtì bí awọ ẹkùn, fluoride ló wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń yan gíláàsì ló ni láǹpù yìí, lójú tèmi. Á gbé odidi páálí gíláàsì sókè níwájú fèrèsé, á fi pátánì idẹ sórí rẹ̀, á máa yí pátánì náà kiri títí tí ìlà funfun yẹn á fi gba àárín ewé kọjá bí iṣan. Bí ó bá rí ibi tó wù ú láàárín gíláàsì, á gé e níbẹ̀, kódà bí ìyókù bá ṣòfò. Ẹni tó bá ń ṣọ́ gíláàsì lò, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti etí kan kó má baà ṣòfò, láǹpù rẹ̀ á rí bákan náà láti òkè délẹ̀, kò ní ní ẹ̀mí.

Ẹ má sì yan gíláàsì lórí tábìlì láéláé. Ẹ̀yin tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi dáadáa mọ̀ pé irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ aró bó bá wà lọ́wọ́, tí ẹ bá wá gbé e sójú oòrùn, á yí sí àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè. Gíláàsì oníwàrà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó rí bí eérú lórí tábìlì lè di àwọ̀ osàn bí iná bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

#6 ỌmọAlágbẹ̀dẹ

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìgé kún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀bẹ gíláàsì ń kọjá. Kẹ̀kẹ́ irin kékeré orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kẹrosíìnì tàbí òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìlà sì gbọ́dọ̀ lọ láti etí kan dé etí kejì láìdúró. Ẹni tó bá padà tẹ ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kejì ti ba kẹ̀kẹ́ jẹ́, gíláàsì náà á sì já síbi tó wù ú. Lójú gíláàsì tó dán jù ni ẹ ó ti gé e, kì í ṣe lójú tó ń rí gbágungbàgun.

Ibi tó wọ inú bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kì í já lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fa ìlà tí ẹ fẹ́ gan-an, ẹ wá fa ìlà méjì mẹ́ta mìíràn sí àyè tí ẹ máa yọ kúrò, kí ẹ fi ẹ̀mú yọ ọ́ ní ẹyọ-ẹyọ. Gíláàsì tí wọn ò jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ààrò ṣì ní agídí nínú. Ìlà á tọ́, òun á yà sọ́nà ibòmíràn. Ọwọ́ yín kọ́ nìyẹn. Ẹ gbé páálí náà tì.

#7 FèrèséAláwọ̀

Ẹ ṣé, ọ̀gá mi. Ìjó ńkọ́? Ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

#8 ỌmọAlágbẹ̀dẹ

Ó yẹ kó bà yín lẹ́rù díẹ̀. Òjé ìjó tó dára jù fún ìlà òde ni èyí tí tánńganran 60 àti òjé 40 wà nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ ní ìwọ̀n Celsius 183, á ti yọ́ tán ní nǹkan bí 190. Oní 50 sí 50 náà ń bẹ̀rẹ̀ ní 183, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí 214 kó tó yọ́ tán. Àárín ìwọ̀n méjèèjì, ńṣe ló ń rí bí ògì tó fẹ́ dì. Ìyẹn wúlò fún inú àti fún dídí àlàfo torí kì í tètè sá lọ. Kò wúlò fún ìlà òde tó yẹ kó dán.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Gíláàsì tí wọ́n ti fi ọ̀já yí ká ni wọ́n á fi ìda lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù igi ní àyè rẹ̀. Ẹ fi oògùn ìjórin pa bàbà, èyí tó ń jẹ ipata kúrò lára rẹ̀, nítorí bàbà tó ti dúdú kò ní gba òjé. Ẹ kán òjé ẹyọ kan sí gbogbo oríkèé kí nǹkan má ṣípò mọ́. Ẹ fi òjé fẹ́lẹ́ pa gbogbo ọ̀já títí tí pupa rẹ̀ ò fi hàn mọ́. Ẹ wá padà da èyí tó máa yọ bí ẹ̀yìn okùn, kó ṣe rùbùtù. Bí òde bá ti parí, ẹ mú ìda náà gbóná díẹ̀, ìbòrí á kúrò lórí mọ́ọ̀dù, ẹ wá jó inú. Ẹni tó bá fi inú sílẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó ń wò ó ti sọ agbára ìbòrí rẹ̀ di ìdajì.

Òjé yíyọ́ dà bí omi, ìsàlẹ̀ ló ń wá. Ibi tí ẹ ń jó lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ tẹ́ gbọọrọ bí ilẹ̀. Nítorí náà ìbòrí ni ẹ ó máa yí, ẹ gbé e sínú àpótí tí àpò iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí ìlà tó kàn wá sókè gan-an. Ìkánjú ló ń mú kí ènìyàn jó ìlà tó da gẹ̀rẹ́, òjé á sì kó jọ sísàlẹ̀ bí imú ọmọ tó ń gbòfìnkìn.

Bí òjé bá ń jò bọ́ sí òdìkejì, àlàfo ti fẹ̀ jù. Ẹ fi wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ dí i kí ẹ tó jó. Bí gíláàsì bá ta pàá, irin gbígbóná tí ẹ fi ń jó o ti pẹ́ jù lójú kan. Ẹ sún síwájú, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ padà wá. Ẹ ò gbọdọ̀ fi omi tù ú. Bí ọ̀já bá ń ṣí kúrò lára gíláàsì lábẹ́ irin, òróró ọwọ́ tàbí èérún gíláàsì ló wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé o, ẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wọ ibi iṣẹ́. Òjé kì í tètè kúrò nínú ara.

#9 Ògbó_Irin

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ṣé Tiffany fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán láǹpù wọ̀nyí? Mo rò pé òun àti àwọn ọkùnrin oníṣẹ́ rẹ̀ ni.

#10 Iyùn_Ọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí gbogbo ayé gbà gbọ́ fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe òótọ́ délẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó hàn.

Ní 1892, nígbà tí àwọn ọkùnrin tó ń gé gíláàsì daṣẹ́ sílẹ̀, Tiffany dá ẹ̀ka àwọn obìnrin tó ń gé gíláàsì sílẹ̀ ní Manhattan. Clara Driscoll, ọmọ Tallmadge ní Ohio tí wọ́n bí ní 1861, ló jẹ́ ọ̀gá wọn. Ó tó ìgbà kan tí obìnrin 35 wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka yìí ló ń yan gíláàsì, ló ń gé e, ló ń fi ọ̀já bàbà yí i. Àwọn ọkùnrin ló ń jó o. Kò tán síbẹ̀: Clara ló ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lókìkí jù, títí kan lámilámi àti wisteria, ìyẹn òdòdó kan tó ń rọ̀ wálẹ̀ ní ìtì-ìtì. Láǹpù lámilámi rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ níbi àfihàn àgbáyé ti Paris ní 1900. Dọ́là 35 ni owó rẹ̀ lọ́sẹ̀, èyí tó pọ̀ fún obìnrin láyé ìgbà náà. Síbẹ̀, obìnrin tó bá lọ́kọ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní 1903 ni ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin oníṣẹ́ gíláàsì fẹ́ kí wọ́n pa ẹ̀ka yẹn rẹ́. Wọn kò pa á rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu kò pé àwọn obìnrin ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 27 lọ.

Lẹ́tà tí Clara ń kọ sí ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́bìnrin ló tú gbogbo rẹ̀ síta. Àwọn onímọ̀ kà á ní bíi ogún ọdún sẹ́yìn, ní 2007 sì ni New-York Historical Society ṣe àfihàn ńlá lórí rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá ló wà lára láǹpù, ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló wà nínú rẹ̀. Kí àwa tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa dá orúkọ Clara, kì í ṣe oore la ṣe fún un, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

#11 Ògbó_Irin

Ẹ ṣeun, mo gbà. Nípa lámilámi yẹn, báwo ni iṣan ìyẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Òjé ò lè ṣe ìyẹn.

#12 Àràbà_Gíláàsì

Òjé kọ́ ni. Irin pẹlẹbẹ tínrín ni wọ́n fi ásíìdì jẹ títí tó fi ku iṣan nìkan, bí ewé tí kòkòrò jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Wọ́n á gbé e lé gíláàsì ìyẹ́, wọ́n á wá jó etí rẹ̀ mọ́ ọ̀já bàbà yíká. Bí kò bá fara lé gíláàsì dáadáa, àyè á wà lábẹ́ rẹ̀, eruku á kó síbẹ̀, kò sì ní ṣeé nù.

Wisteria ló le jù ní tèmi. Gíláàsì rẹ̀ súnmọ́ 2,000, dọ́là 400 ni wọ́n ń tà á ní 1906. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tọ́, òdòdó ló ń rọ̀ wálẹ̀ ní ìtì-ìtì, nítorí náà kò sí òrùka idẹ tó lè yí i ká tààrà. Orí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka igi tí wọ́n fi idẹ dà, òun ló gbé ìwúwo náà.

#13 Àtùpà_Alẹ́

Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: àwọ̀ ilẹ̀ dúdú tó wà lára òjé rẹ̀, ṣé ọjọ́ orí ni? Èwo ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ sì kọ́kọ́ ṣe?

#14 ỌmọAlágbẹ̀dẹ

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n máa ń fi iná mànàmáná bo òjé ní bàbà, wọ́n á wá fi oògùn sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ tó ń ta ewé díẹ̀, kó lè bá ẹsẹ̀ idẹ mu. Lóde òní, omi copper sulphate náà ń sọ òjé di àwọ̀ bàbà. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ oògùn ìjórin kúrò pátápátá. Tó bá ṣẹ́kù, á hu funfun tàbí ewé létí ìlà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì máa jẹ bàbà lábẹ́.

Òrùka idẹ ló yẹ kó wà ní ojú ihò òkè, kí ẹ jó o mọ́ gbogbo ìlà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo rọ̀ mọ́. Ìbòrí àtijọ́ tó ń rọ̀ lápá kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ló ti ń já. Ìdérí òkè sì gbọ́dọ̀ ní ihò kí ooru gílóòbù lè jáde.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan òdòdó. Ẹ mú ìbòrí onígun mẹ́fà tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tẹ́. Ẹ jó ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí tábìlì, ẹ wá tò wọ́n dìde, kí ẹ kán oríkèé wọn pọ̀ ní òkè àti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó da ìlà gígùn. Bí oríkèé kẹfà kò bá padé, ẹ tú àwọn ibi tí ẹ kán náà, ẹ pín àṣìṣe yẹn káàkiri mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ má fipá fa ọ̀kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó kun àwọ̀ dúdú yẹn, ẹ gbé e sórí iná nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ funfun bá ti yọ bí orí abẹ́rẹ́ létí òjé, ọ̀já ti sá sẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ẹ pa iná, ẹ padà jó o.